Ẹ má sọ àwọn ọmọ R.A. di ajẹ́lẹ̀ o

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe Royal Ambassadors (R.A.) ní Yorùbá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, torí pé wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe pín in láti ìjọ dé òkè. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀yọ́ mú "Ajẹ́lẹ̀ Ọba" wá, ẹlòmíì ní "Ìlàrí Ọba", àwọn ọ̀dọ́ inú wa sì ní "Aṣojú Ọba" ló rọrùn jù. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín o, àmọ́ ajẹ́lẹ̀ yẹn ò ní wọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Kí niṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ gan-an? Ìlú tó lágbára ló ń fi í jókòó sílùú onílùú, kó máa ṣọ́ wọn, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kó sì máa jẹ wọ́n lẹ́ran jẹ wọ́n níṣu. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nílẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tó dá Ogun Kírìjì sílẹ̀, ọdún 16 ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ fẹ́ fún ọmọ ọdún 12 tó wọ yunifọ́ọ̀mù, kó dúró níwájú ìjọ kó ní ajẹ́lẹ̀ lòun? Àwọn ará Èkìtì tó bá wà níbẹ̀ á kàn dìde jáde ni.

Ìlàrí sàn jù ú lọ, mi ò ní purọ́. Òun ló ń rìn fún Aláàfin, wọ́n á fá apá kan orí ẹ̀ wọ́n á dá apá kejì sí, orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ sì ni iṣẹ́ tó ń jẹ́, ẹni tó ń jẹ́ Mádàríkàn bá wọ̀lú, kó tó lanu ẹ ti mọ̀ pé ọba ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ko òun lójú. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ olóògùn ni wọ́n ń sín sórí ìlàrí, ẹ wá lọ ṣàlàyé gbẹ́rẹ́ fún pásítọ̀.

"Aṣojú" ńkọ́? Aṣojú dáa fún àwọn tí a dìbò yàn lọ Àbújá, àwa la rán wọn, bí wọn ò tiẹ̀ jíṣẹ́. Ta ló rán ta ni gbogbo ìjà mi níbí. Ọmọ R.A. kọ́ ni ìjọ rán lọ bá ọba, ọba ló rán an wá sáàárín èèyàn, ọ̀rọ̀ tó sì wà fún ìyẹn ti wà látijọ́, a ò tiẹ̀ nílò ká hun tuntun: ikọ̀. Kọ́ríńtì Kejì orí 5 ẹsẹ 20 tí ẹgbẹ́ náà dúró lé, "àwa ni ikọ̀ fún Kristi" ló wà nínú Bíbélì Yorùbá. Pọ́ọ̀lù tún sọ ọ́ fáwọn ará Éfésù pé ikọ̀ tó wà nínú ẹ̀wọ̀n lòun. Ajẹ́lẹ̀ wo lẹ rí tó wà nínú ẹ̀wọ̀n? Ikọ̀ Ọba, ó parí.

Àbúrò kan ní ikọ̀ ti di ti bọ́ọ̀lù, pé tóun bá gbọ́ ikọ̀, agbábọ́ọ̀lù 11 lòun ń rí. Òótọ́ ni, ó sì ti di ti ṣọ́jà náà. Tó bá jẹ́ Boys' Brigade, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin Kristẹni míì, là ń sọ, mi ò ní bá a jiyàn, torí William Smith tó dá ìyẹn sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1883, ọ̀gá ni láàárín àwọn ṣọ́jà olùyọ̀ǹda, ètò ológun ló gbé wọ inú ẹgbẹ́. Àmọ́ fún R.A., ọmọ tó ti ń ka ẹsẹ yẹn lórí láti kékeré ò ní ṣi ikọ̀ gbọ́.

Ẹ dákun, nǹkan kan tún bí mi nínú nínú dráfù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ "àwọn bàbá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀". Bàbá wo? Gẹ̀ẹ́sì "founding fathers" lẹ rí tí ẹ túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ló dá R.A. sílẹ̀, WMU (Woman's Missionary Union), ẹgbẹ́ obìnrin àwọn Southern Baptist ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1908, kí àwọn ọmọkùnrin lè mọ̀ nípa iṣẹ́ míṣọ́nnárì. 1913 ni wọ́n dá GA (Girls' Auxiliary) ti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1950 kí wọ́n tó kó àwọn ọmọkùnrin yẹn lé àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ kọ "àwọn ìyá".

Ó wá ku bí wọ́n ṣe pín in, ibẹ̀ ni màá ti jà jù. Dráfù pe tinú ìjọ ní "ẹ̀ka", ó pe association, ìyẹn àwọn ìjọ tó kó ara wọn jọ, ní "ẹkùn". Ẹkùn ní olówó orí, ẹ̀yin ará. Ẹkùn ìdìbò ní sẹ́nétọ̀, díósíìsì àwọn Áńgílíkà ní bíṣọ́ọ̀bù. Ta ni bíṣọ́ọ̀bù àwa Onítẹ̀bọmi? Kò sí. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìpàdé ara ẹ̀, tó ń yan díákónì ẹ̀, tó ń pe pásítọ̀ ẹ̀. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lọ́dún 1855 (òun náà jà lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá o, gírámà àti díṣọ́nárì ẹ̀ jáde ní 1858), ṣùgbọ́n ó di 1914 kí àwọn ìjọ tó pàdé n'Íbàdàn láti dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, tó wá di Nigerian Baptist Convention lónìí. Ìjọ ti wà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí àjọ tó dé, àwọn ìjọ ló pe ara wọn jọ, kò sẹ́ni tó pín wọn sábẹ́ ẹnì kankan. YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, náà rí bẹ́ẹ̀: George Williams àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1844, orílẹ̀-èdè míì náà ṣe tiwọn, 1855 ni wọ́n tó wá so wọ́n pọ̀ ní Paris.

Nítorí náà "àjọṣe ìjọ" ni mo fi sílẹ̀ fún association. Kọ́ńfáráǹsì, ìyẹn ìpele tó wà lókè association, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní kọ́ńfáráǹsì bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Tinú ìjọ, ẹ má pè é lẹ́ka torí ẹ̀ka ní igi tó gbé e dúró níbòmíì, ẹ kàn pè é ní ẹgbẹ́ Ikọ̀ Ọba ìjọ lágbájá.

Oyè tí àwọn ọmọ R.A. ń ṣèdánwò gbà, bíi Ambassador Extraordinary àti Ambassador Plenipotentiary, ló ṣẹ́kù, ó sì le. Mo bi ọmọ kan tó ń múra ìdánwò oyè léèrè pé kí ni plenipotentiary, ó ní ẹni tó ní "pọ̀tẹ́ńṣà" púpọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ikọ̀ tó lè tọwọ́ bọ̀wé lórúkọ ọba láìpadà lọ béèrè nílé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti pè é ní "ikọ̀ aláṣẹ". Extraordinary ni mi ò tíì rí ṣe, torí tí mo bá ní "ikọ̀ àrà ọ̀tọ̀", ó dún bí ẹni tí wọ́n fi ń ṣe ìran. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa kó gbé e wá, àmọ́ tó bá tún ti ààfin Ọ̀yọ́ wá, ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀.