Ta ni ẹni ibi nínú eré wa? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé

DM Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé, torí wọ́n á ní kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUTA láti ṣe Dungeons & Dragons. Èmi ni DM (Dungeon Master, ìyẹn olùdarí eré), ìwé òfin eré náà tó jáde ní 2014 la ń lò. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: eré àfẹnuṣe ni. DM á sọ ohun tó wà níwájú yín, kálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á wá sọ bóyá ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe.

Ìlú tí mo dá sílẹ̀ fún eré yìí, ìlú kòkó ni, abẹ́ àpáta ló wà, bí ẹni ń wo Òkè Ìdànrè. Ọba ìlú náà ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní àwọn orc, ìyẹn ìran ẹ̀dá abàmì kan nínú eré náà, tó ń gbé lẹ́yìn àpáta ń wá já kòkó òun lóru, kí wọ́n lọ bá òun palẹ̀ wọn mọ́. Ohun tí mo fi pamọ́ ni pé àwọn orc yẹn ló ni oko náà kí baba ọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mẹ́fà!

Wọ́n débẹ̀, àwọn ọkùnrin ò sí nílé. Ìyá arúgbó kan jáde, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀rẹ́ wa kan ń ṣe paladin, ìyẹn jagunjagun tó bá ọlọ́run rẹ̀ mulẹ̀. Pásítọ̀ la ń pè é, kì í ṣe pásítọ̀ o. Ó ní òun sọ iná sí abà náà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Ó ní ó dá òun lójú. Ó ṣí ìwé ẹ̀dá abàmì, ó fi ìka tọ́ alignment àwọn orc, ìyẹn ibi tí ìwé ti ń sọ irú ìwà tí ẹ̀dá kan ní: Chaotic Evil, ẹni ibi onírúdurùdu. “Ìwé ló pè wọ́n ní ẹni ibi. Ẹni rere tó bá pa ẹni ibi, rere ló ṣe.”

Ọ̀rẹ́ wa obìnrin tó ń ṣe olè ló bínú dìde. Olè ni o! Ẹni tó ti jí àpò owó mẹ́ta láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sunkún nítorí ìyá arúgbó. Ariwo la fi tú ká. Ẹni méjì ti ní àwọn ò wá ní Sátidé yìí.

Ẹ gbà mí. Báwo ni kí n ṣe sọ ohun tó jẹ́ rere àti ohun tó jẹ́ ibi nínú eré yìí? Ṣé kí n gba agbára paladin lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí kí n pa ọ̀rọ̀ alignment rẹ́ pátápátá?

Ẹ̀gbọ́n Ológún

Àbúrò, fara balẹ̀. Ohun tó ń dà yín láàmú yìí dàgbà jù ọ́ lọ. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní 1974, kò sí rere, kò sí ibi lára alignment. Mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ẹni tó wà lẹ́yìn òfin, ẹni tó wà lẹ́yìn rúdurùdu, àti ẹni tó dúró láàárín. Ó fẹ́ jọ pé wọ́n kàn ń bi ọ́ pé ẹgbẹ́ ogun wo lo wà. Nígbà tí ìwé àwọn òṣèré fi máa jáde ní 1978, wọ́n ti so rere àti ibi mọ́ ọn, ó ti di mẹ́sàn-án. Láyé ìgbà yẹn, paladin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, tiẹ̀ ti bá a, agbára lọ. Ní 2008 wọ́n gé mẹ́sàn-án kù sí márùn-ún. Ní 2014 wọ́n dá a padà. Àwọn tó ni eré gan-an ń so ó, wọ́n ń tú u, ẹ̀yin sì fẹ́ torí ẹ̀ pa ara yín ní Àkúrẹ́.

Fún Pásítọ̀: ìwé ẹ̀dá abàmì 2014 tó fi ń halẹ̀ yẹn, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé alignment tí wọ́n kọ sí ẹ̀dá kan, ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ lásán ni, DM lè yí i padà. Èyí tó tún dùn mí jù: idán tí wọ́n ń pè ní Detect Evil and Good nínú ìwé yẹn kì í wo ọkàn ẹnikẹ́ni. Òkú tó ń rìn, àǹjọ̀nú, ẹ̀dá ọ̀run àti irú wọn ló ń fi hàn. Ká ní ó pe idán yẹn sórí ìyá arúgbó náà, kò ní rí nǹkan kan. Ìwé fúnra rẹ̀ ò rí ibi lára ìyá yẹn.

Má gba agbára ẹ̀. Nínú ìwé tí ẹ ń lò, ìbúra ni paladin dúró lé, kì í ṣe alignment. Bi í pé kí ló búra.

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Èmi o, ẹ má bínú. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fáìlì ni mò ń gbé láti yàrá kan sí èkejì. Bó bá di Sátidé mo fẹ́ pa nǹkan burúkú kan kí n sì lọ sùn. Mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá ẹ̀ ni wọ́n gba oko ẹ̀. DM, fún wa ní egungun tó ń rìn, ká gé e, ká jẹ ẹran sùyà. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la fẹ́ jókòó bí adájọ́.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Mi ò ṣe eré yìí rí, ọmọ mi ló fi ìbéèrè yìí hàn mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ wa ní Yorùbá, ẹ dá a lóhùn.”

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká yẹn ò jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa náà, àwọn kan wà tí a kì í bá jókòó sọ̀rọ̀. Ajogun ni wọ́n ń jẹ́: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n, Èṣe. Àwọn yẹn ò níyàá, wọn ò ní oko tí ẹnì kan gbà. Ẹ fi egungun tó ń rìn sí ipò wọn, kí ẹ gé e dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá ní orí tirẹ̀, tó ń bímọ, tó ń gbin nǹkan, ìwà rẹ̀ la ń wò. A kì í bí ìwà mọ́ odindi ìran. Ó lójú ẹni tí mo rí tí ìwà ẹ̀ dára láàárọ̀ tó sì bàjẹ́ lálẹ́, àgàgà lọ́jọ́ tí owó oṣù ò wọlé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èṣù. Ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ó ń dúró ní oríta, ó ń fi ìyà jẹ ẹni tó kọ̀ tí kò rúbọ, ó sì ń gbèjà ẹni tó rú u. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí Àjàyí Crowther ṣe atọ́nà rẹ̀ tó sì jáde lódindi ní 1884, orúkọ Èṣù ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ oríta kan ṣoṣo ti mọ̀ pé “ẹni ibi” ni. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló ṣe é. Kristẹni ni mí, mi ò sì bọ Èṣù, àmọ́ mo mọ ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni DM yín, màá fi èèwọ̀ rọ́pò àwọn orúkọ òyìnbó yẹn. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀, kí paladin náà ní mẹ́ta tó búra lé. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ò ní di “ẹni ibi” lójijì. Nǹkan rẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, títí yóò fi wá ètùtù ṣe. Ìyẹn á mú kí ó rìn, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó san nǹkan. Ó dùn ju pé kí ẹ gba idà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ.

Ẹ tún sọ fún paladin yẹn: bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ti ọmọ la fi ń jẹ́ ẹ.

Pásítọ̀

Èmi ni Pásítọ̀ yẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ta ló bi mí?

DM wa ò sọ fún yín bó ṣe ṣàpèjúwe àwọn orc yẹn. Ó ní ojú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, itọ́ ń kán lẹ́nu wọn, òórùn wọn dà bí ti òkú ẹran. Ìyá arúgbó tó ń káàánú lónìí, “ó ń kùn bí ẹranko” ló sọ fún wa. Ẹ wá wo ẹni tó rán wa níṣẹ́: adé wà lórí ẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀ búra. Àwọn tó tọ́ mi dàgbà ò kọ́ mi pé kí n máa já ọba nírọ́. Ibi tí DM fi hàn mí ni mo rí. Ojú ìwé mẹ́fà tó kọ, inú àpò ẹ̀ ló wà.

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti èèwọ̀ yẹn wù mí.

Ẹ̀gbọ́n Ológún

Ó ti dùn. DM jẹ̀bi níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ẹni tó fi ẹranko hàn yín lójú kò lè máa bínú pé ẹ ò rí ènìyàn. Àmọ́ Pásítọ̀, òwe tó o pa yẹn, tún un pa kí etí tìrẹ náà gbọ́ ọ. Ọba rojọ́ tirẹ̀, o dájọ́. Ìyá yẹn ń kùn, o sì sọ iná. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé kò sí ẹnì kan tó gbọ́ èdè orc ni?

Ọmọ Ọjà Ọba

Ó wà. Èmi ni. Èmi ni olè yẹn.

Ìdajì orc ni ẹ̀dá tèmi. Ó wà lórí bébà mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ìyá rẹ̀ ni orc, èdè méjì ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó kà á, torí pé olè ni gbogbo yín ń pè mí, ẹ sì ń di àpò yín mú. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí ìyá yẹn ń wí ni iná fi sọ. Ìyẹn ni mo fi sunkún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn arúgbó.

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ha! Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kí ni ìyá náà ń wí?

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ bi DM. Kò tíì sọ fún mi.

DM Àkúrẹ́

Mo ti gbọ́, mo sì jẹ̀bi. Inú ìwé ni mo ti kó itọ́ àti òórùn yẹn, mo kàn kà á jáde bó ṣe wà. Mi ò ronú pé òun ló máa dá ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Mo ti fi rọ́bà pa alignment rẹ́ lórí bébà gbogbo yín. Àwọn egungun àti àǹjọ̀nú ló ṣẹ́ ku tí màá fi í sílẹ̀ fún. Kálukú kí ó mú èèwọ̀ kan wá fún ẹ̀dá rẹ̀. Pásítọ̀, tìẹ mẹ́ta, bí Màmá ṣe wí. Àwọn ọkùnrin orc á padà dé láti oko, wọ́n á rojọ́ tiwọn, ẹnu olè la sì máa gbà gbọ́ ọ. Mi ò ní gba idà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti iná náà, ariwo ò jẹ́ kí n ta dáìsì. Abà kò tíì jó. Ìyá yẹn ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ. Sátidé, aago méjì.

Pásítọ̀

Aago méjì ò bá mi lára mu, mo ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kó di mẹ́ta. Ẹ má ta dáìsì yẹn kí n tó dé.