Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: mo fẹ́ fi kíkọ ìpolówó ọjà ṣe iṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Olùkọ́ Òkè-Àró:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó ni mo ti kàwé gboyè. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bá ìyá kan tí ó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò wa kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé sórí WhatsApp, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe ń tìtorí ọ̀rọ̀ náà wá ra búrẹ́dì. Ó wá ń wù mí kí n fi iṣẹ́ yìí jẹun, kí n máa kọ ìpolówó fún rédíò, fún pátákó ẹ̀bá ọ̀nà àti fún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ṣé dandan ni kí n kó lọ sí Èkó? Ṣé mo ní láti tún gba ìwé ẹ̀rí mìíràn? Báwo ni wọ́n ṣe ń dá owó lé iṣẹ́ náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti dàgbà jù. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Àgbà Àlágbàkà:
Ẹ kú ìbéèrè, Olùkọ́. Mo ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà wálé, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ti ọjọ́ orí sílẹ̀. David Ogilvy, tí àwọn oníṣẹ́ ìpolówó ṣì ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní, sítóòfù ìdáná ni ó ń kiri láti ojúlé dé ojúlé ní Scotland nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1948, ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú ilẹ̀kùn onílé rí, tí onílé sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń ta ọjà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn dùn lẹ́nu.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, àkójọ iṣẹ́ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìpolówó máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé tuntun. Bí ẹ kò bá tíì ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín, ẹ fún ara yín ní iṣẹ́. Ẹ mú ọjà mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ wá èrò kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé èrò kan náà gba orí rédíò, pátákó àti fóònù kọjá. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó ní èrò àti ẹni tí ó kàn ní gbólóhùn. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó ń sáré lọ sí ọ̀nà Iléṣà kò ní ráyè ka ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje lọ lára pátákó. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà méjì péré nípa ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ti ìyá oníbúrẹ́dì yẹn gan-an ni kí ó ṣíwájú, nítorí ọjà gidi ni, owó gidi sì ni wọ́n fi rà á.

Ẹ tún wá ayàwòrán kan mọ́ra. Láti ìgbà tí Bill Bernbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ìpolówó DDB sílẹ̀ ní New York ní 1949, tí ó sì mú akọ̀wé àti ayàwòrán jókòó pa pọ̀ sí ibì kan dípò kí akọ̀wé máa ti ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn sí ayàwòrán, ni iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ènìyàn méjì. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí yín, ẹ̀ka Industrial Design, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi sínú àkójọ tiwọn.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ẹ lọ sí Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ọdún méjì péré. Ibẹ̀ ni owó àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà.

Ìyá Rédíò:
Mo kí bàbá wa tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ti Èkó. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú yìí, mo sì lè sọ fún ọ, ọmọ mi, pé ọ̀pọ̀ ìpolówó tí à ń gbọ́ níbí, ẹni tí ó lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà náà ni ó kọ ọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí ó ń bọ̀. OSRC wà, Adaba wà, Positive FM wà, àwọn mìíràn sì wà. Lọ bá ẹ̀ka tí ó ń gba ìpolówó, kí o sọ pé o fẹ́ kọ mẹ́ta fún wọn kí wọ́n fi wo iṣẹ́ rẹ. Kó aago fóònù rẹ dání. Bí wọ́n bá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ka ohun tí o kọ sókè ní ohùn tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀, má ṣe kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Bí ó bá kọjá, gé e. Ẹnu ni wọn yóò fi kà á, nítorí náà ẹnu ni kí o fi kọ ọ́.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà ní Èkó kò ní ni ohùn èdè. Mo ti gbọ́ orin ìpolówó tí ohùn orin gbé "ọkọ̀" di "ọkọ", tí ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ wá dà bí ẹni tí ó ń ta ọkọ ọlọ́kọ fún àwọn obìnrin ìlú! A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n oníbàárà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé fúnra wọn ti dé, wọ́n sì ń kọ Yorùbá, àmọ́ mo ṣì ń rí ibi tí àmì ohùn wọn ti ń ṣì. Ẹni tí ó lè jókòó ti iṣẹ́ náà kí ó tún un ṣe yóò rí owó gbà. Má sì rò pé Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan ni ó ń tà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará Oǹdó nìkan ni ọjà kan wà fún, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹnu ilé wọn nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kan òfin: òfin ọdún 2022 ni ó sọ APCON di ARCON, òun ni ó sì ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà. Ó ní ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde sí gbangba. Bí alágbo kan bá sì ní kí o kọ pé agbo òun ń wo àrùn mẹ́wàá, béèrè ìwé àṣẹ NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Bí kò bá ní, jẹ́ kí ó gbé owó rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ilé ìtura kan gbé iṣẹ́ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn látòkè délẹ̀. Mo kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sì gbé e jáde. Títí di òní olónìí, n kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kí ìdajì owó tó wọlé, àtúnṣe méjì péré ni mo sì ń fi sínú àdéhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀kẹta yóò san owó rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí WhatsApp ni ẹ ti ṣe àdéhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó dáhùn pé òun gbà.

Iye owó? ₦5,000 ni mo gba fún iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ má ṣe ka iye ọ̀rọ̀ dá owó, ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà yóò mú wọlé fún oníbàárà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà ní HubSpot Academy fún àwọn tí ó fẹ́ mọ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì; dátà nìkan ni yóò ná yín. Ẹ má sì tíì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ o. Owó oṣù yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè sọ pé ẹ kò gba iṣẹ́ tí kò dára.

Olùkọ́ Òkè-Àró:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná pẹ̀lú ti búrẹ́dì. Ohun tí mo kọ fún pátákó nìyí: "Búrẹ́dì wa dára, ó ládùn, ó sì ń ṣe ara lóore." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó.

Àgbà Àlágbàkà:
Gbogbo oníbúrẹ́dì láti Ọjà Ọba dé Arákàlẹ̀ ni ó lè kọ èyí sára ògiri rẹ̀. Kí ni ìyá yìí ń ṣe tí àwọn yòókù kì í ṣe?

Olùkọ́ Òkè-Àró:
Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ó máa ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò, sà. Kí àwọn yòókù tó ṣílẹ̀kùn, àwọn ìyá tí ó ní ọmọ ilé ìwé ti rà lọ.

Àgbà Àlágbàkà:
Ẹ kọ ìyẹn.

Olùkọ́ Òkè-Àró:
"Kí ọmọ tó jí, búrẹ́dì wa ti jinná."

Ìyá Rédíò:
Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùn lẹ́nu mi. Yọ "wa" kúrò, kí o fi orúkọ búrẹ́dì náà rọ́pò rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kò ní béèrè búrẹ́dì "wa" lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á.