Ṣé lóòótọ́ ni pé òṣùpá ò funfun?

Ọmọ Ayépé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi tó ń ka físíìsì ní yunifásítì ló bá mi jiyàn nígbà tí wọ́n mú iná lọ tí a jókòó síta. Ó ní òṣùpá tí a ń wò yìí, àwọ̀ títì ọlọ́dà tó ti gbó ló ní. Ó mọ́lẹ̀ rekete lókè níbẹ̀ o! Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Àbúrò yín ò parọ́. Bí oòrùn bá tàn sí òṣùpá, nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń dá padà. Páálí aláwọ̀ eérú tí àwa ayàwòrán fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ìdá 18 ni tiẹ̀. Bébà funfun gidi á tó 90.

Ojú kì í ka iye ìmọ́lẹ̀ bíi kàmẹ́rà. Ó ń fi eléyìí wé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, èyí tó bá sì tàn jù ló máa ń kà sí funfun. Lójú sánmà lóru, kí ló fẹ́ bá òṣùpá dọ́gba? Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Adhémar Gelb, dán irú rẹ̀ wò ní Jámánì ní 1929. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ó tan iná sí ohun dúdú roboto kan ṣoṣo, àwọn tó ń wò ó sì rí i ní funfun. Bó ṣe na bébà funfun sínú iná yẹn báyìí, dúdú ẹ̀ yọ. Ó mú bébà kúrò, ó tún funfun padà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti mọ àṣírí ẹ̀ o! Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Ọmọ Ayépé: Ta ló wá fẹ́ gbé bébà funfun lọ bá òṣùpá?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Wọ́n ti bá wa ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 2015, sátẹ́láìtì DSCOVR ti Amẹ́ríkà ya òṣùpá bó ṣe ń kọjá níwájú ayé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùukùu funfun ilé ayé, ṣe ló ṣú dùdù. Ẹ wá fọ́tò náà lórí Google.

Ìyá Oníléèsì: Ẹ̀yin ayàwòrán, kí ló dé tí ẹ fi sọ aṣọ ìyàwó funfun ọmọ mi di eérú nínú fọ́tò?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ohun tí kàmẹ́rà bá rí ló ń bá ṣe bíi páálí eérú yẹn. Aṣọ funfun bá gba gbogbo fọ́tò, kàmẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹni tó yà á ló yẹ kó fi kún un.