Wọ́n fẹ́ ti brọ́ọ̀ṣì bọ ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi, ṣé kò léwu?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí bàbá mi ti ń wúkọ́, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò wọn ò rí TB, dókítà wá ní àwọn máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú wọn wọlé lọ fi brọ́ọ̀ṣì ha nǹkan jáde. Ẹ̀rù ń bà mí o.

— Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, wọ́n ṣe é fún mọ́mì mi. Wọ́n fín oògùn sí wọn lọ́fun, ọ̀fun náà kú tipiri, wọn ò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, ó sì dá.

— Láàbù ni mo wà. A máa ń tẹ́ ohun tí wọ́n bá ha sórí gíláàsì, a ó kùn ún láró, ká tó fi maikirosikóòpù wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan lè má gbé e jáde. Ṣé bàbá ò lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì ṣá?

— Yéè! Warfarin ni wọ́n ń lò! Mo ń pe dókítà báyìí.