Okùn mítà 10 àti ajá tí kò jẹ́ n sinmi

Ìyá Jẹ́nsinmi (Sheffield)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin alájàá. Ẹni tó bá ń mú ajá rìn nínú igbó tàbí lórí òkè, tó sì ti lo okùn gígùn rí, kó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ṣéènì kúkurú ojú títì ni mò ń wí, kì í sì í ṣe èyí tó ń ká ara rẹ̀ sínú ike. Okùn gbọọrọ tí wọ́n fi ń kọ́ ajá ni, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti mítà 5, tó lè gùn tó 20 tàbí 30. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ra ajá, èmi ló ń jìyà rẹ̀. Beagle ni. Ọmọ wọ yunifásítì, ó kó bàtà, ó kó kọ̀ǹpútà, ó fi ajá sílẹ̀. Milo ló sọ ọ́, èmi ni mo yí i padà sí Jẹ́nsinmi, torí bí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, tí mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀, ó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Nílé wa, wọ́n máa ń fi orúkọ ajá pòwe sí aládùúgbò. Tèmi, ajá gan-an ni mo ń pòwe sí.

Longshaw àti Burbage ni mo ń mú un lọ, ní Peak District lẹ́yìn ìlú wa. Àgùntàn ń jẹ̀ kiri níbẹ̀, àgbọ̀nrín pupa náà wà. Beagle sì rèé, imú ló fi ń ronú. Tí òórùn bá ti wọ imú, etí ti di nìyẹn. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, àfi ìgbà tí mo fojú ara mi rí i.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tú u sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń ké "Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o!" lórí òkè, òjò ń pa mí. Ọmọ Yorùbá tó bá kọjá lọ́jọ́ náà á rò pé àwọn ọ̀tá mi ni mò ń bẹ̀. Nígbà tó wù ú ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, ìgbẹ́ àgùntàn wà lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Ni mo bá ra okùn mítà 10. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, mo wé ìdí okùn mọ́ ọwọ́ ara mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kò lè já mọ́ mi lọ́wọ́ láéláé. Ehoro kan fò yọ. Kí n tó pe "Jẹ́", okùn ti tán. Gbogbo eré mítà 10 yẹn, ọrùn ló fi dúró. Ajá ta kìtì lókè, èmi náà dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ń wúkọ́. Tèmi, àtẹ́lẹwọ́ bó yányán, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ̀bà.

Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́líìtì àyà ni mo ń wọ̀ fún un, ìkọ́ okùn sì máa ń wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe lọ́rùn. Mo ń wọ ìbọ̀wọ́. N kò wé okùn mọ́ ọwọ́ mọ́, mo ń ká a sí àtẹ́lẹwọ́ bí aṣọ tí a ká, kó lè tú bó bá fà. Mo ta kókó kéékèèké sára rẹ̀ ní mítà méjì-méjì, kí ẹsẹ̀ mi lè rí ibi tẹ̀. Bí okùn bá ku díẹ̀ kó tán, mo máa ń sọ pé "dúró" kó tó fà á. Ó ti ń mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń dúró.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀. Àgbẹ̀ kan ló là mí lóye, kò sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. Lórí ilẹ̀ tí òfin ọdún 2000 ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti fẹsẹ̀ rìn ní Ẹ́ńgláǹdì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta dé ọjọ́ 31 oṣù keje, okùn ajá kò gbọdọ̀ ju mítà 2 lọ, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko. Tí ẹran ọ̀sìn bá sì wà nítòsí, ìgbà yòówù kó jẹ́ nínú ọdún, mítà 2 yẹn náà ni. Òfin sì gba àgbẹ̀ láyè nígbà mìíràn láti yìnbọn pa ajá tó ń dààmú àgùntàn. Ìyẹn ni pé okùn mítà 10 tí mò ń fi yangàn kò gbà mí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti rí àgùntàn báyìí, mo ká a kúrú.

Délé (Maryland)

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ ọwọ́ o. Tiyín bó, tèmi yún.

Ojú ọ̀nà C&O Canal ni èmi àti Labrador mi ń rìn, ọ̀nà tí ìbaaka fi ń fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, máìlì 184 àti ààbọ̀, láti Georgetown dé Cumberland. (A ò tíì rin máìlì 10 nínú rẹ̀ o, ẹ má rò pé akínkanjú ni mí.) Mo ra okùn aláṣọ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ajá, ó ń gba inú ewé kọjá, inú mi dùn pé ajá ń gbádùn. Ẹ̀ṣọ́ kan dá wa dúró, ó ní ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gbogbo ọgbà ìjọba àpapọ̀ fàyè gbà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ó wú, ó lé ròrò. Ewé kan wà níbí tí í máa ń yọ mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, poison ivy ni wọ́n ń pè é. Ẹ pè é ní wèrèpè Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wèrèpè tiwa, irun rẹ̀ ló ń yúnni. Tibí, òróró ni, òróró náà á sì lẹ̀ mọ́ okùn, á máa dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ìyàwó mi tí kò fẹsẹ̀ kan inú igbó náà rárá, okùn ló kàn gbé kúrò nínú bùùtù mọ́tò. Òun ló tún le jù fún. Ajá ńkọ́? Kò ṣe nǹkan kan, irun rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Mo da okùn aláṣọ nù, mo ra onírọ́bà tó ṣe é fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀. Pápá ọ̀rẹ́ mi ni mo ti ń lò ó báyìí. Lójú ọ̀nà Canal, ẹsẹ̀ bàtà 6.

Baba Bíńgò (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ̀ ń ra okùn ajá? Okùn kànga ni tèmi! Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, mo gé e ní nǹkan bí mítà 12, mo so ìkọ́ mọ́ ọn.

Alsatian ni Bíńgò. Ọ̀nà oko lápá Mọníyà ni a ń gbà láàárọ̀ kùtùkùtù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀yà sáré kọjá níwájú wa. Bíńgò bẹ́, okùn já gbà lọ́wọ́ mi, ó gba ẹ̀yìn orúnkún mi kọjá (ẹni tí okùn ọ̀rá bá jó níbẹ̀ rí, kò ní wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ọ̀nà oko mọ́). Ó wọ inú oko kòkó, ó yí igi kan, ó yí èkejì, okùn sì há. Mo ń bú u lọ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ̀ ba láti tú u ni mo rí tàkúté onírin tó la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ ewé, kò tó ìgbésẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú. Èébú tán lẹ́nu mi. Mo jókòó ti ajá síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo jẹ̀bi rẹ̀. Màmá kan ń bọ̀ láti oko, ẹ̀gẹ́ wà lórí wọn. Bíńgò wà níwájú mi ní mítà 12, kò gbó, kò ṣe nǹkan kan. Màmá rí ajá, wọn ò rí okùn. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, wọ́n figbe ta, wọ́n ṣubú. Mo kó ẹ̀gẹ́, mo bẹ̀bẹ̀, mo gbé wọn lórí ọ̀kadà lọ sílé, mo sanwó oògùn ìfọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bú mi, ó tọ́ sí mi. Ẹni tó bá rí ajá tó jìnnà sí olówó ẹ̀ báyẹn, ajá tó tú ló rí. Níbi tí èèyàn bá ti ń kọjá, mo máa ń fà á mọ́ ẹsẹ̀ báyìí, n ó sì kígbe "ẹ kú àárọ̀ o, mo ti dì í mú" kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ Ọdẹ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi ò fi okùn mú ajá lọ sígbó rí. Ṣaworo ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn, etí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá sì fun fèrè, gbogbo wọn á dé. Okùn nínú igbó, ṣé kó lè fi kọ́ igi ni?

Baba Bíńgò (Ìbàdàn)

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wọn ní fèrè ọ̀hún? Ìyẹn gan-an la fẹ́ gbọ́.

Ọmọ Ọdẹ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Láti ọmọ ajá ni, sà. Wọn kì í gbé oúnjẹ kalẹ̀ láìfun fèrè. Àárọ̀, alẹ́, fèrè, kí oúnjẹ tó dé. Wọn kì í sì í fun ún lásán.

Títí (Kent)

Màlúù ni tèmi. A gba inú pápá kan kọjá, èmi àti ajá mi kékeré lórí okùn mítà 10, a ò fura. Àwọn màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn ni. Ojú ajá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe tèmi. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo fẹ́ fa ajá mọ́ra kí n gbé e. Kò sí àṣìṣe tó ju ìyẹn lọ, torí ọ̀dọ̀ ẹni tí ajá bá wà ni wọ́n ń bọ̀. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu géètì kan, mo jọ̀wọ́ okùn. Ó sáré gba abẹ́ ọgbà kọjá, màlúù tẹ̀ lé e, èmi gba apá kejì.

Ṣùgbọ́n okùn wà lára rẹ̀. Ojú ọwọ́ tó wà ní ìdí okùn, èyí tí a fi ń dì í mú, fi kọ́ ẹ̀gún lẹ́yìn ọgbà. Bó bá jẹ́ pé inú pápá ló ti kọ́, ǹ bá má wá kọ èyí. Nígbà tí mo délé, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo gé ojú ọwọ́ yẹn dànù. Okùn tí ajá lè wọ́ lọ, kó má ní ibi tó lè fi kọ́ nǹkan.

Ìyá Jẹ́nsinmi (Sheffield)

Títí, ọkàn mi já. Èmi náà ti gé tèmi.

Ọmọ Ọdẹ, àdúrà rẹ á gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fun fèrè kí n tó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń wò mí wò mí. Lánàá, mo mú un lọ sí pápá olódi kan tí wọ́n ń yá àwọn alájàá níbí fún wákàtí kan, mo sọ okùn sílẹ̀, mo jẹ́ kó wọ́ ọ lọ. Ó dé ìdí igbó kan, imú wọlẹ̀, ìrù dúró ṣánṣán. Mo mọ ìrù yẹn. Mo fun fèrè. Ó gbé orí sókè, ó wo igbó, ó wò mí, ó tún wo igbó. N kò sún ẹsẹ̀ sí orí okùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń yún mi. Ló bá yí padà, ó ń sáré bọ̀, etí ń fẹ́, okùn ń wọ́ koríko lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí mo sè dání, gbogbo rẹ̀ ni mo kó fún un pátá. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí fíríìjì ni mo rántí pé ọbẹ̀ alẹ́ ni mo fẹ́ fi í sè.