Àwa márùn-ún fẹ́ dá ìwé ìròyìn ìlera àgbáyé sílẹ̀ n'Ífẹ̀, èdè sì ti di ìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí n'Ífẹ̀ níbí, mo wà ní ọdún kẹta. Àwa márùn-ún la fẹ́ máa gbé ìwé ìròyìn jáde lórí ìlera gbogbo ayé. Àpilẹ̀kọ mẹ́jọ ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo ka àkọlé wọn sétí ìyá mi n'Íléṣà: Ẹbólà ní Kóńgò, omi ní Bangladesh, ebi ní Yemen. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Àwa ńkọ́? Àbí àwa ò sí láyé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Èmi àti ẹnì kan ní ká fi Yorùbá kọ ìdajì rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ní Òyìnbó nìkan, torí sikọ́láṣíìpù. Owó tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Lágere sì pè fún 200 ẹ̀dà, ó kọjá agbára wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ọmọ Obòkun: Àbúrò, ọ̀rọ̀ ńlá ni màmá yín sọ yẹn. Ṣé o mọ káàdì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà? Dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà láàárín 1956 sí 1961, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì sí káàdì. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bó bá dúró sójú kan, ìyá á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ọmọ tó rù. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ ilé ìwòsàn. Àtibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé. Ẹ wá ń wá ayé lọ sí Yemen!

Atọ́kùn: Òyìnbó ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ jàre. Ta ló fẹ́ ka Yorùbá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: @Atọ́kùn, ṣé o ti gbàgbé oṣù kẹjọ 2014? Ẹbólà wà l'Ékòó, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru pé kí kálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Èdè ilé ni irọ́ náà bá wọlé. Òyìnbó ni èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe ìjọba, ilẹ̀ sì ti mọ́ kó tó dé. Iyọ̀ yẹn pa èèyàn. Ẹbólà fúnra rẹ̀, èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán.

Ṣùgbọ́n ẹ má kọ Òyìnbó tán kẹ́ ẹ wá máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́, kó ti ibẹ̀rẹ̀ fi Yorùbá rò ó. Kí ẹni méjì sì yẹ gbogbo nọ́ńbà wò. Bẹ́ ẹ bá ń kọ nípa onígbáméjì, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru nìyí: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò ga, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì gbé 6 sí iyọ̀, ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ pa yẹn. Fọ́tò aláìsàn ńkọ́? Bí ìyá ọmọ ò bá fọwọ́ sí i, ẹ yọ ọ́.

Ìyá Bọ̀lá: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí yàrá kan wà ní Parakin?

Alábòójútó: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tiyín síta lọ́tọ̀.

Bàbá Atẹ̀wé: 200 kẹ̀? Ẹ fi PDF ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ tẹ 30 péré ní dúdú àti funfun, ẹ há a fún àwọn ìyá níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó bá ti dúró dáadáa, ẹ kọ̀wé sí National Library fún ISSN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé ìròyìn mọ̀. Oníṣòwò àgbo kan máa wá, á lóun fẹ́ san gbogbo owó, kẹ́ ẹ fi ìgò òun sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ má gbà. Ẹni tó bá ṣèlérí owó tí kò mú un wá, ẹ ṣe òṣómàálò fún un, Ìjẹ̀ṣà á kọ́ yín.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka èsì Ọmọ Obòkun fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní káàdì tèmi ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ìlà mi wálẹ̀ nígbà tí mò ń hu eyín. Mò ń lọ mú un ní Sátidé, òun la máa fi ṣe iwájú ìwé. Àwọn mẹ́ta yẹn ò tíì gbà sí Yorùbá o, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ "Ìmẹ̀sí-Ilé" pẹ̀lú àmì.