Omi PD ò jáde tán nínú ikùn mi mọ́, àbí rọ́bà tó ń gbé omi náà wọlé jáde ló ti yẹ̀ ni?

Àbíkẹ́:
Ẹ kú ìrọ́jú o gbogbo ilé. PD, ìyẹn kéèyàn máa rọ omi sínú ikùn kó lè bá kíndìnrín tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tá a máa ń fọwọ́ ṣe ni èmi ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, báàgì lítà 2. Ó ti ń lọ déédéé tẹ́lẹ̀, omi á wọlé, á jáde, mo máa palẹ̀ mọ́ kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí èyí tó ń jáde kéré sí èyí tí mo rọ sínú, ó kàn ń kán tó tó tó ni, àfi tí mo bá dìde tàbí tí mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ṣàn díẹ̀. Omi yẹn tòrò o, ara mi ò gbóná, inú ò ro mí, ikùn kàn le ni, ẹsẹ̀ sì ti ń wú díẹ̀. Ṣé kí n lo báàgì tó lágbára jù ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ní kí n lọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, PD yìí ló jẹ́ kí n ṣì máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà yẹn ká kò níbì kan lábẹ́ aṣọ, bóyá kilípù ẹ̀ ṣí tán, bóyá báàgì tó ń gba omi wà nísàlẹ̀ ikùn yín. Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ má bínú o, ìgbà wo lẹ yàgbẹ́ kẹ́yìn? Mi ò fi ṣeré rárá. Ìgbẹ́ líle tó bá kún inú ìfun máa ń tẹ rọ́bà yẹn, ó tiẹ̀ lè tì í kúrò nísàlẹ̀ ibi tí omi ń kó jọ sí. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn, ìgbà tí inú mi ṣí tán ni omi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn padà. Àmọ́ ẹ má lọ ra oògùn ìyàgbẹ́ fúnra yín o, àwọn kan ní magnesium tàbí phosphate nínú, kíndìnrín tiwa ò sì lè tu ìyẹn dànù, ẹ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì PD yín sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ. Àbíkẹ́, dákun má fọwọ́ kan báàgì tó lágbára yẹn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó o lò ó. 1.5, 2.5, 4.25 tó o ń rí lára báàgì, bí ṣúgà inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìyẹn, bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fa omi láti ara wá sínú ikùn tó, tí ọ̀nà àbájáde bá wá dí ńkọ́? Ikùn á tún wú sí i ni. Wò ó dáadáa bóyá nǹkan funfun bí òwú wà nínú omi tó jáde, ìyẹn náà máa ń dí rọ́bà, wọ́n lè fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí báàgì fún ẹ. Wọ́n á ya X-ray ikùn láti mọ ibi tí rọ́bà wà. Tó bá tiẹ̀ yẹ̀, PD ò tíì parí o, wọ́n máa ń dá a padà sáyè ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi tuntun sí i. Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn ni ò jẹ́ kí n fẹ́ kó o dúró dọ̀la. Wọn ara ẹ, wọn ìfúnpá ẹ, kó o pè wọ́n lónìí. Ọjọ́ tí omi ò bá sì tòrò mọ́, wákàtí kan ò gbọ́dọ̀ kọjá kó o tó pè wọ́n, kó o mú báàgì yẹn dání lọ.

Àbíkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. Ká sòótọ́, látìgbà tí wọ́n ti fún mi ní oògùn irin torí ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára mi ni mi ò ti yàgbẹ́ dáadáa, mi ò kàn so ó pọ̀ mọ́ ọn ni. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ṣé kí n rọ ti ọ̀sán sínú kí n tó jáde?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Rárá o, má rọ òmíràn lé èyí tí ò tíì jáde. Pè wọ́n padà, sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde fún wọn, ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o ṣe. Má sì dá oògùn irin yẹn dúró fúnra ẹ, sọ fún wọn pé ó ń dè ẹ́ nínú.